Wẹ́dà Tó Ń Kọ Ohùn Jésù

Mo ti ju ìwé orin lu olórin tẹ́nọ̀ kan lórí rí, n kò sì tọrọ àforíjì títí di òní, nítorí pé ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ń fa orin sẹ́yìn. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí má bàa rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni mí. Àwọn ènìyàn á rí ewú orí mi, wọ́n á gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí, wọ́n á tún gbọ́ pé èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ìjọ Àgùdà kan ní Ṣàgámù, wọ́n á wá máa rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ ru. Bàbá mi, tó tẹ dùùrù fún àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Ìkẹ́nnẹ́ títí ó fi kú, máa ń fi rúlà lu ìka mi bí mo bá ṣi ohùn tẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ orin, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ìbínú.

Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Ogun gan-an ni iṣẹ́ mi: ogun tí àwọn baba ńlá wa bá ara wọn jà kí òyìnbó tó gba ilẹ̀, àti bí Rẹ́mọ ṣe há sáàárín àwọn alágbára tí gbogbo wọn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo máa ń dúró níwájú kíláàsì, màá máa ka àwọn ìlú tí wọ́n sun àti àwọn ènìyàn tí wọ́n kó lẹ́rú, àwọn ọmọ á máa yán, àwọn kan á máa tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì. N kì í bá wọn wí púpọ̀. Láàárín ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi kọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti gbẹ lójú èmi náà. Ó ti di ọ̀rọ̀ inú ìwé.

Nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò gbẹ ní Ṣàgámù. Ẹgbẹ́ òkùnkùn méjì ń pa ara wọn kiri ìgboro ní ọ̀sán gangan. Wọ́n pa ọ̀kan sórí àga onígbàjámọ̀, aṣọ tí wọ́n fi bo ọrùn rẹ̀ kí irun má bàa wọ inú ẹ̀wù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n pa òmíràn ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, lójú ìyá rẹ̀ tó ń sẹ́ gàrí. Àáké ni wọ́n ń lò. Nígbà tí mò ń lọ síbi ìdánrawò orin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n pa lẹ́bàá ọ̀nà, bàtà wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì wà lásán, àwọn ènìyàn sì dúró yí i ká, wọ́n ń fi fóònù yà á. Awakọ̀ tó wà níwájú mi dín eré kù díẹ̀ kí ó lè wò ó dáadáa. Mo fọn fèrè ọkọ̀ mọ́ ọn, mo sì bú u. Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sọ nǹkan kan fún àwọn akọrin mi, àwọn náà kò sọ fún mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa gbà wá. A ṣí ìwé, a kọrin.

Ẹnì kan ṣoṣo láàárín wa ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè kan òun. Òun ni báàsì mi, wẹ́dà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Ìsarà ni. Iṣẹ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa: Fadá ní kí ó wá jó ọ̀pá irin tí a ń dì mú bí a bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè níbi tí dùùrù wà. Mo ń fi dùùrù dánra wò ní tèmi, mo wá gbọ́ ohùn kan lábẹ́ orin mi, tó jinlẹ̀, tó sì dúró sójú rẹ̀ gan-an láìgbọ̀n. Mo dáwọ́ dúró, ohùn náà sì dáwọ́ dúró.

"Má dákẹ́," mo ní.

"Ẹ má bínú, sà. N ò mọ̀ pé ó ń jáde síta."

"Mo ní má dákẹ́! Àbí etí rẹ di ni?"

Bí mo ṣe fipá mú un wọ kúáyà nìyẹn. Kò ṣe ẹ̀sìn kan gbòógì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, Fadá ti rì í bọmi, ó sì ti fẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọbìnrin tírẹ́bù mi. Kí ó tó fẹ́ ẹ ló wá bá mi nílé, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fi àpá kan hàn mí. Ó ní ìgbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n mú òun wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kan, pé òun àti ọ̀rẹ́ òun kan ti fi í sílẹ̀, pé wọ́n sì ti sọ fún àwọn pé kò sí ẹni tó ń fi í sílẹ̀ láàyè. Mo bi í bóyá ó pa ènìyàn rí. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n òun ti di ẹsẹ̀ ènìyàn mú kí ẹlòmíràn lè lù ú. Ó sunkún bó ti ń sọ ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Obìnrin ni gbogbo ọmọ tí mo bí, gbogbo wọn ti lọ sílé ọkọ. Bí mo bá bí ọkùnrin, irú rẹ̀ ni ǹ bá fẹ́.

Ẹni tí kì í bá ṣe Àgùdà lè má mọ ohun tí a máa ń ṣe ní Gúdù Fúráídè. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ títí di Mísà Àjíǹde, a kì í tẹ dùùrù, a kì í sì í lu agogo. Èmi fúnra mi ni mo máa ń ti dùùrù pa. Dípò agogo, pákó ìrókò kan la máa ń mì, tí wọ́n so òòlù onígi mọ́ lójú, á sì máa ró gbà, gbà, gbà. Káfíńtà tó ṣe tiwa kò rí irú rẹ̀ rí, ó wá ṣe é wúwo bí ẹni ṣe ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ̀ mi ni mo máa ń pa á mọ́ sí, nítorí pé àwọn ọmọ tó ń ran Fadá lọ́wọ́ nídìí pẹpẹ máa ń fi ṣeré. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, a óò wá kọ ìtàn ìjìyà Olúwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn ènìyàn nìkan. Tẹ́nọ̀ ló máa ń kọ ti ẹni tó ń ròyìn, èmi nìyẹn. Báàsì ló máa ń kọ ohùn Jésù. Kúáyà àti gbogbo ìjọ ló sì ń ṣe àwọn èrò tó ń pariwo pé kí wọ́n pa á.

Mo máa ń yọ àwọn akọrin lẹ́nu gan-an lórí ariwo yẹn. "Ẹ ń pariwo bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò!" mo máa ń sọ fún wọn. "Ẹ fẹ́ kí ó kú! Ẹ rántí ẹni tó ṣẹ̀ yín jù láyé, kí ẹ fi ojú rẹ̀ sọ́kàn, kí ẹ tó lanu!" Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tútù, wà láàárín àwọn áltò mi. Lọ́dún yẹn, iṣan ọrùn rẹ̀ máa ń yọ bó bá pariwo náà. Inú mi dùn, mo yìn ín lójú gbogbo wọn.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú Gúdù Fúráídè lọ́dún náà, wẹ́dà wá síbi ìdánrawò, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. Wọ́n ti pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n sì ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù òun náà pé kò ní jẹ ìrẹsì Àjíǹde. Mo fà á lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Máa lọ sí Ìsarà, sọ́dọ̀ ìyá rẹ," mo ní. "Nísinsìnyí. Mú ìyàwó rẹ dání."

"Wọ́n mọ Ìsarà, sà. Wọ́n ti bá wa jẹun níbẹ̀ rí."

"Lọ sí Kútọnu nígbà náà! Fadá á bá ọ wá ibi tí wàá dé sí."

"Ta ló máa wá kọ ti Jésù?"

"Èmi ni màá kọ ọ́! Ewúrẹ́ ló máa kọ ọ́! Ṣé ohùn tìrẹ nìkan ni Ọlọ́run ń gbọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀gá, mo ti sá títí, ó ti sú mi. Ibikíbi tí mo bá jókòó sí, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń kọjú sí. Ní ṣọ́ọ̀bù, nílé, níbi tí mo bá ti ń jẹun. Ibi tí mo bá dúró tì yín tí mò ń kọrin nìkan ni n kì í ti í wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Inú bí mi débi pé mo fi ẹsẹ̀ ta àga lulẹ̀. Mo lọ bá Fadá, ọmọ Ègùn ni, ọ̀dọ́ ni, orí rẹ̀ sì pé. Mo rò pé yóò gbè mí. Ó ní bí a bá lé e lọ, ojú ọ̀nà ni wọn yóò ti rí i pa, pé ó kúkú sàn kí ó wà láàárín wa. Ó ní kí a ti àwọn ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ pa, kí ọkùnrin méjì tó sígbọnlẹ̀ di kùmọ̀ mú, kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ lọ́nàkọnà. Àwọn méjèèjì búra pé àwọn kò ní kúrò. Ọ̀kan lára wọn ń ta igi pákó, apá rẹ̀ nípọn ju itan mi lọ. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ooru mú lọ́jọ́ Gúdù Fúráídè náà débi pé ìwé ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Èmi àti wẹ́dà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa níwájú, mo gbé pákó ìrókò náà sí ẹsẹ̀ mi. Ìyàwó rẹ̀ wà láàárín àwọn tírẹ́bù, kò wo ìwé rárá, ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Mo bẹ̀rẹ̀ orin, ó sì gbà á lẹ́nu mi. N kò gbọ́ kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ibi tí wọ́n ti wá mú Jésù nínú ọgbà, tó ní òun ni wọ́n ń wá, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Nígbà tó kan àwọn èrò, ariwo tó jáde láti ẹnu ìjọ kì í ṣe èyí tí mo kọ́ wọn. Gbogbo òkú tí a ti rí lẹ́bàá ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì ló jáde nínú rẹ̀. Wọ́n pariwo títí páànù òrùlé fi dún. Ọkùnrin kan fi ẹ̀ṣẹ́ lu bẹ́ǹṣì iwájú rẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ó dára, pé báyìí ló ṣe yẹ kí ó rí.

A dé ibi tí Jésù ti kú. Wẹ́dà kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ó tẹrí ba. Níbẹ̀, gbogbo ìjọ a máa kúnlẹ̀, wọ́n á dorí kodò, wọ́n á dijú, wọ́n á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ rẹ̀ fún wa. Láti kékeré ni orúnkún wa ti mọ̀ ọ́n. Bí gbogbo wa ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn, Fadá, kúáyà, ọlọ́mọ, àgbà. Àwọn ọkùnrin méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà kúnlẹ̀. Wọ́n gbé kùmọ̀ wọn sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n kọjú sí pẹpẹ, wọ́n sì dijú. A ti ro gbogbo nǹkan tán, ẹnikẹ́ni nínú wa kò rántí pé àwọn náà máa kúnlẹ̀.

Mo gbọ́ ọ̀kadà tó dúró lóde. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ bàtà lórí símẹ́ńtì.

Àwọn méjì ló wọlé. Èyí tó di àáké mú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró lé àwọn ẹ̀ṣọ́ wa méjèèjì lórí. Èkejì, ọ̀dọ́kùnrin tó wọ jákẹ́ẹ̀tì nínú ooru yẹn, mú ìbọn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù lọ́wọ́ òsì.

"Kẹ́nikẹ́ni má mira o!" ó ní. "Ẹnì kan la wá mú. Ẹ bá wa yọ wẹ́dà yẹn jáde, ká máa lọ jẹ́jẹ́."

Ó hàn pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ wẹ́dà lójú, ó ń wo àwòrán inú fóònù, ó ń wo orí tó tẹ̀ ba káàkiri, gbogbo rẹ̀ jọra lójú rẹ̀. Ìyá àgbà kan wà níjọ wa, ará Ìpara, tó máa ń kúnlẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Bí ọ̀dọ́kùnrin náà ṣe fẹ́ kọjá, ìyá náà di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Ìwẹ ọmọ yìí," ó ní, "éè sí ẹni tí wàá pa lí ilé Ọlọ́run."

Ọ̀dọ́kùnrin náà fi ìdí ìbọn gbá a lórí. Ìyá náà dojú bolẹ̀, gèlè rẹ̀ ṣí, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn gba inú irun funfun rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí lọ pátápátá, mo sì mọ ìgbà tó lọ.

Ó rìn tààrà wá sọ́dọ̀ wa. Mo fi ọwọ́ kan tẹ orí wẹ́dà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, mo fi ọwọ́ kejì wá pákó nílẹ̀.

"Bàbá, ta ló ń kọrin pẹ̀lú yín níbí?"

"Èmi nìkan ni."

"Ẹ má bá mi ṣeré o, bàbá. Wọ́n ti sọ fún wa pé ẹ̀yin méjì lẹ máa ń dúró kọ ọ́. Ẹ ní kí ẹni tó wà lẹ́sẹ̀ yín gbé ojú sókè."

Ó na ìbọn sí mi, ó sì ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀. Ilé tó lẹ́kọ̀ọ́ ló ti jáde, èyí ló bí mi nínú jù. Wẹ́dà gba orí rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi, ó dìde dúró.

"Èmi rè é," ó ní. "Fi wọ́n sílẹ̀."

Ọ̀dọ́kùnrin náà fa ìbọn. Ó dún kẹ́, kò yìn. Kí ó tó fà á lẹ́ẹ̀kejì, mo ti gbé pákó ìrókò náà sókè, mo sì fi gbogbo agbára mi gbá a lójú. Mo gbọ́ tí imú rẹ̀ fọ́. Ó ṣubú sẹ́yìn, ìbọn fò lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. N kò kábàámọ̀ ìyẹn. Bí ó bá tún dé lọ́la, màá tún gbá a.

Èyí tó di àáké mú ti sá jáde, a gbọ́ tí ọ̀kadà pariwo lọ. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹnì kan ló wà nílẹ̀, kò ní ìbọn lọ́wọ́ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ wa ló sì dìde lórí orúnkún.

Mo ti ka irú rẹ̀ nínú ìwé, mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa irú rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ náà. Wọ́n dà lé e. Wọ́n fi bàtà lù ú, wọ́n fi agboòrùn lù ú, wọ́n fi ọ̀pá fìtílà pẹpẹ lù ú. Ẹni tó ń ta igi pákó, tí ojú ń tì nítorí ẹnu ọ̀nà tó fi sílẹ̀, gbé odidi bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìdí rẹ̀ gún un bí ẹni gún iyán. Nọ́ọ̀sì mi tó jẹ́ áltò bọ́ bàtà gíga rẹ̀, ó ń fi gìgísẹ̀ rẹ̀ gún un lórí, ó sì ń pariwo bí mo ṣe kọ́ ọ. Ẹnì kan ké pé kí wọ́n lọ gbé pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ wá. Àwọn kan sáré lọ. Fadá ń bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Èmi ńkọ́? Mo dúró tòun ti pákó lọ́wọ́, mò ń ké pé, "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" Ohùn mi já gaara, ohùn tẹ́nọ̀ tí mo fi ń kọ orin Ọlọ́run.

Wẹ́dà ló ya wọ àárín wa. Ó fi èjìká ti ènìyàn sọ́tùn-ún sósì, ó dùbúlẹ̀ lé ọ̀dọ́kùnrin náà, ó fi apá méjèèjì bo orí rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀!" ó ń ké. "Mo bẹ̀ yín, ẹ ti ṣe é tó! Èmi náà rí bẹ́ẹ̀ rí!" Ohùn tí èmi fúnra mi tọ́ ni, ó kún ṣọ́ọ̀ṣì láìsí dùùrù. A kò dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹni mìíràn ti wà lókè. Lílù náà ń bọ́ sí i lẹ́yìn, sí i lórí, gbì, gbì. Ó gbé ojú sókè kí ó tún bẹ̀ wá, ìdí bẹ́ǹṣì náà sì sọ̀ lé e lọ́fun.

Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan kan tó jáde. Ó tún la ẹnu, ó di ọrùn mú.

Ìyàwó rẹ̀ ló dá wa dúró. Ó ké igbe kan, ó sọ ara rẹ̀ lu ọkọ rẹ̀, ó sì dojú kọ wá, eyín rẹ̀ yọ síta. "Ọkọ mi ni!" ó ní. "Ọkọ mi lẹ ń pa!" Ọwọ́ gbogbo wa ló dúró sókè. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù dé láti ìta dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù kan náà, nínú ọkọ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan ń kán sórí èkejì. Dókítà dá ihò sí ọrùn wẹ́dà, ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́ kí ó lè mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní yóò yè, ṣùgbọ́n àpótí ohùn rẹ̀ ti fọ́. Mo bi í bóyá yóò tún kọrin. Ó ní kí a kọ́kọ́ dúpẹ́ pé ó ń mí. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi orí lu ògiri.

Àwọn àgbà ìjọ ti ń dúró dè mí nísàlẹ̀. Wọ́n ti fẹnu kò: àwọn apànìyàn ló wọlé, àwọn ni wọ́n ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Púróòfù, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ í sọ," ọ̀kan nínú wọn ní. "Ẹ ṣáà ti ìjọ lẹ́yìn." Ẹni tó ń ta igi pákó wà láàárín wọn, ó ń sunkún láìdún. Mo padà gòkè.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, obìnrin ará Ìpẹru, ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ọ̀dọ́kùnrin náà ti lajú ní wọ́ọ̀dù kejì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn sì máa kọ ọ̀fun wẹ́dà mọ́ ẹ̀sùn rẹ̀. Kò ní rí ìta mọ́ láyé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí wẹ́dà, ó rọra bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Òun ló ṣe ọ̀fun yín báyìí, àbí? Ẹ kàn mi orí yín."

Wẹ́dà kò mi orí. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ṣẹ́, ó sì fi lu àyà ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ṣé àyà ń dùn yín ni?" ọlọ́pàá náà ní. Kì í ṣe Àgùdà. Ó yíjú sí mi. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ló ń sọ?"

"Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí a bá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ Mísà," mo ní. "Ó ní ẹ̀bi òun ni."

"Ẹ̀bi òun kẹ̀? Òun ló fọ́ ara rẹ̀ lọ́fun ni?"

Ìyàwó rẹ̀ ń wò mí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn àgbà ìjọ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń bọ̀.

"Irọ́ ló ń pa," mo ní. "Kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ tí ẹ so mọ́ bẹ́ẹ̀dì kò fọwọ́ kàn án. Àwa ìjọ rẹ̀ la lù ú. Èmi ni mo kọ́kọ́ ké pé kí wọ́n pa ènìyàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi."

Wẹ́dà gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. Ó la ẹnu láti bá mi jiyàn, afẹ́fẹ́ lásán ló gba ihò ọrùn rẹ̀ jáde.